Ṣé Ìgbà MMA Ti Kọjá? Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

Lẹ́tà tó dá lórí MMA (Mixed Martial Arts) ló pọ̀ jù nínú àpótí wa lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn eré ìjà tó po ẹ̀ṣẹ́, ìpá, ìjàkadì àti ìfúnlọ́rùn mọ́ra wọn. A kó àwọn tó jọra papọ̀, a sì gé àwọn tó gùn kúrú. Níbi tí ẹ bá ti rí UFC, ilé iṣẹ́ tó tóbi jù nínú àwọn tó ń ṣètò eré náà là ń sọ. Òun kọ́ ni eré náà fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ méjèèjì di ọ̀kan.

Ìbéèrè: Láti 2009 ni mo ti ń wo UFC. Nígbà náà, bí ìjà ńlá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí kò mọ ẹ̀ṣẹ́ yàtọ̀ sí ìpá á máa bi mí pé ta ló máa borí. Báyìí, èmi alára ò lè ka orúkọ àwọn tó ń wọ bẹ́líìtì tán. Ṣé eré yìí ò ti kọjá òkè téńté rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó sinmi lórí ohun tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ ariwo ìta, ìyẹn àwọn tí kì í wo ìjà àfi ìgbà tí gbogbo ayé bá ń wò ó, òkè téńté rẹ̀ wà láàárín 2015 sí 2018, a ò sì rí ohun tó máa dá irú rẹ̀ padà láìpẹ́. Bó bá jẹ́ owó tó ń wọlé fún àwọn tó ni ín, ó ṣì ń gòkè. Nǹkan méjèèjì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun ló fi jẹ́ pé àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í gbọ́ra wọn yé.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀, torí eré yìí ti ṣubú rí, ó sì ti dìde. UFC àkọ́kọ́ wáyé ní Denver ní ọjọ́ 12, Oṣù Kọkànlá, 1993. Ọkùnrin mẹ́jọ ló wọlé, kò sí ìpín ìwúwo, Royce Gracie tí kò fi bẹ́ẹ̀ sanra ló sì borí. Ohun tó mú káwọn èèyàn ra ìjà yẹn ni pé wọ́n gbà pé kò sí òfin níbẹ̀, ohun kan náà yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ní 1996, Sẹ́nétọ̀ John McCain kọ̀wé sí gómìnà gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fòfin dè é. Nígbà tó di 1997, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń tà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ. Nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Fertitta fi máa rà á ní Oṣù Kìíní 2001, mílíọ̀nù 2 dọ́là péré ni wọ́n san.

Ohun méjì ló gbé e dìde. Èkíní ni ìwé òfin tí New Jersey bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2000: ìpín ìwúwo, ìbọ̀wọ́, ràúńdì oníṣẹ́jú 5, àti àkọsílẹ̀ gígùn nípa ohun tí oníjà kò gbọdọ̀ ṣe. Èkejì ni ètò tẹlifíṣọ̀n The Ultimate Fighter, tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìíní 2005. Àwọn tó ni UFC ló fi owó ara wọn ṣe ètò náà torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ná an sí i. Ní ọjọ́ 9, Oṣù Kẹrin, ọdún yẹn, Forrest Griffin àti Stephan Bonnar na ara wọn fún ràúńdì mẹ́ta láìsinmi, ẹni tó bá ti ní ìkànnì tó ń gbé ètò náà lórí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ló rí i, kò san kọ́bọ̀ lé e.

Ọdún tí ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ gan-an ni òkè kejì. UFC 100, ní ọjọ́ 11, Oṣù Keje, 2009, ìròyìn sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.6 ló ra á, torí Brock Lesnar kó àwọn tó ti ń wò ó nínú WWE, ìjàkadì àṣefihàn orí tẹlifíṣọ̀n, wá. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Lesnar fẹ̀yìn tì ní ìparí 2011. Georges St-Pierre kúrò lójú agbo ní ìparí 2013. Ní oṣù kan náà, ẹsẹ̀ Anderson Silva kán lójú gbogbo ayé. Ní 2014, ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé ó ti tán. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni Ronda Rousey àti Conor McGregor ti gbé e lọ sí ibi tí kò dé rí: ìṣẹ́jú àáyá 13 ni McGregor fi dá José Aldo dùbúlẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2015, ìjà òun àti Khabib Nurmagomedov ní Oṣù Kẹwàá 2018 sì tà tó mílíọ̀nù 2.4 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kéde. Kò sí ìjà UFC kankan tí wọ́n tíì kéde iye tó ju ìyẹn lọ.

Àwọn tó sọ ní 2014 pé ó ti tán ò sọ òótọ́. Kí ló wá dé tí àwa fi ń sọ pé ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀? Torí pé nígbà náà, bí kò bá sí gbajúmọ̀ tó máa ta ìjà, owó ò ní wọlé. Lónìí, gbajúmọ̀ wà o, kò sí o, owó ti wọlé. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ti di ọjà ojoojúmọ́: èrò tó máa ń dí ọ̀nà lọ́jọ́ ọjà ò sí mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ́jọ́ tí wọn ò patẹ.

Ìbéèrè: Báwo ni èmi náà ṣe lè wádìí rẹ̀ fúnra mi? Mo ti gbìyànjú Google Trends, irinṣẹ́ tó ń fi bí àwọn èèyàn ṣe ń wá nǹkan lórí Google hàn, ìlà náà kàn ń fò sókè sódò bí ẹni tó ń jó.

Ìdáhùn: Irinṣẹ́ náà dára. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni kì í dára. Ẹ má tẹ «MMA» lásán, nítorí lẹ́tà mẹ́ta yẹn ń jẹ́ nǹkan mìíràn lóríṣiríṣi èdè. Ẹ kọ orúkọ náà ní kíkún, ẹ dúró kí àkójọ jáde lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú èyí tí wọ́n kọ sí i lára pé eré ìdárayá tàbí àjọ ni. Ìyẹn á kó gbogbo bí wọ́n ṣe ń pè é ní èdè yòówù pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí orílẹ̀-èdè padà sí gbogbo àgbáyé, kí ẹ sì yí oṣù 12 tó wà níbẹ̀ padà sí «2004 títí di òní».

Nọ́ńbà tí ẹ máa rí kì í ṣe iye èèyàn. Oṣù tí wọ́n wá a jù lọ ni 100, 50 sì jẹ́ ìdajì rẹ̀. Ìpín rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí aráyé ń wá ni wọ́n ń wọ̀n. Bí àwọn tó ń lo Google bá di ìlọ́po méjì, tí àwọn tuntun sì ń wá nǹkan mìíràn, ìlà MMA á rẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo fi eré náà sílẹ̀. Nítorí náà, ìlà tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ nìkan ò tó ẹ̀rí.

Ibi tí ìlà náà ti ń fò sókè ni gbogbo èèyàn ń wò, ibẹ̀ ló sì ń tàn wọ́n. Ìjà kan ṣoṣo ló máa ń fa ìfò kan. Ẹ tẹ àmì ọfà tó wà lókè àwòrán kí ẹ gba fáìlì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá kọ nọ́ńbà oṣù tó rẹlẹ̀ jù nínú ọdún kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, láti 2010 wá. Àwọn tó kù nínú oṣù tí kò sí ìjà pàtàkì ni olólùfẹ́ tòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye oṣù tó ju ìlọ́po méjì nọ́ńbà yẹn lọ nínú ọdún kan náà, ìyẹn ni àlejò. Bí ìsàlẹ̀ bá dúró sójú kan tí àlejò ń dín kù, gbajúmọ̀ ni kò sí. Bí ìsàlẹ̀ bá ń rẹlẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra léra, a jẹ́ pé eré náà fúnra rẹ̀ ló ń sá.

Ẹ óò rí àmì kékeré ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016 àti 2022. Google ló yí bó ṣe ń kó ìṣirò jọ padà nígbà méjèèjì yẹn, ẹ má fi ọwọ́ líle ṣe ìfiwéra láti ẹ̀gbẹ́ kan àmì náà sí ìkejì. Ẹ má sì fi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìlà MMA á kàn lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí aláǹgbá ni. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni ojúgbà rẹ̀. Ẹ tún yí «wẹ́ẹ̀bù» padà sí YouTube, tó ní àkọsílẹ̀ láti 2008, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í béèrè ìjà lọ́wọ́ Google mọ́.

Ẹ̀rí kejì tó yẹ kí ẹ wò ni ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ ya iye èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára owó. Èèyàn 55,724 ló wọlé sí UFC 129 ní Toronto ní Oṣù Kẹrin 2011, owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 dọ́là. UFC 306 ní gbọ̀ngàn Sphere, Las Vegas, ní Oṣù Kẹsàn-án 2024, èèyàn nǹkan bí 16,000 péré ló wọlé, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì lé ní mílíọ̀nù 21. Ẹni tó bá fi èkejì sọ pé òkìkí ti pọ̀ sí i, owó ìjókòó kan ló ń kà, èrò kọ́. Bó bá jẹ́ ti èrò, UFC 243 ní Melbourne ní Oṣù Kẹwàá 2019, níbi tí Israel Adesanya ti gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Robert Whittaker, ló ga jù nínú ìtàn UFC: 57,127.

Ìbéèrè: Mo kà á pé wọn ò ní gba owó lọ́tọ̀ fún ìjà ńlá mọ́ ní Amẹ́ríkà. Ṣé kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò rà á mọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ wo ẹni tó ń sanwó. Nínú ètò àtijọ́ tí gbogbo wa mọ̀ sí PPV, ẹni tó fẹ́ wo ìjà kan á san owó ìjà yẹn, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n á mú tirẹ̀, UFC á mú tirẹ̀, àwọn oníjà tó lórúkọ jù sì máa ń ní ìpín lórí iye tí wọ́n tà. Láti UFC 236 ní Oṣù Kẹrin 2019 títí di ìparí 2025, ESPN+, ìkànnì ESPN orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nìkan ló ń tà á ní Amẹ́ríkà, iye tó tà sì di ohun tí wọn kì í sábà sọ síta. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà PPV jiyàn kò lè kọjá ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Iye tí wọ́n ń gbà lórí ìjà kan ti dé dọ́là 79.99 nígbà tó di 2024.

Ní Oṣù Kẹjọ 2025, TKO, ilé iṣẹ́ tó da UFC àti WWE pọ̀ ní 2023, bá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Paramount ṣe àdéhùn ọdún 7 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026, bílíọ̀nù 7.7 dọ́là. Ètò ńlá 13 àti Fight Night (ètò kékeré) 30 lọ́dún, gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó bá ti ń san owó oṣooṣù. Bílíọ̀nù 1.1 lọ́dún nìyẹn, nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tí ìròyìn sọ pé ESPN ń san tẹ́lẹ̀.

Ojú tí àwa fi wò ó nìyí. Ẹni tó bá gbà pé iye tí òun ń tà lẹ́yọ á máa pọ̀ sí i kì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n ta ewu náà, wọ́n sì rí ẹni rà á. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé kò sí ohun tó ń fipá mú ilé iṣẹ́ náà mọ́ láti wá ìjà tí ayé á dúró wò. Ìjà tó dáa níwọ̀nba ti tó láti pa àdéhùn mọ́.

Ìbéèrè: Kí ló fà á tí ìjà tí wọ́n ń tò jọ ò fi ní adùn bíi ti tẹ́lẹ̀?

Ìdáhùn: Ìṣirò ni. Ètò 10 ni UFC ṣe ní gbogbo 2005. Láti 2014, ó sábà máa ń lé ní 40 lọ́dún. Bí ètò kọ̀ọ̀kan bá ní ìjà 12, ìyẹn ju 480 lọ. Bẹ́líìtì 11 ló wà: 8 fún ọkùnrin, 3 fún obìnrin. Ẹni tó gba bẹ́líìtì kì í sábà jà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, nítorí ó nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti múra sílẹ̀, bó bá sì farapa, oṣù mẹ́fà ti lọ. Ẹ fi 2 sọ 11 di púpọ̀, ó di 22. Ẹ pín in fún ètò ńlá 13, kò tó ìjà bẹ́líìtì méjì fún ètò kan. Kò wá sí èyí tó kù fún àwọn Fight Night.

Èyí tó tún ń jẹ́ kó tutù lójú ni pé ọ̀pọ̀ Fight Night ń wáyé ní Apex, gbọ̀ngàn kékeré UFC ní Las Vegas, níwájú èèyàn perete. Kò sí ariwo èrò tó máa gbé ìjà náà. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn fojú di í: pápá onígun mẹ́jọ tó wà níbẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 25, ti ètò ńlá sì jẹ́ 30. Bí a bá wọn ilẹ̀ rẹ̀, ti kékeré yẹn kò ju nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ti ńlá lọ. Ẹni tó fẹ́ sá kò níbi sá sí. Ọ̀pọ̀ ìjà tó le tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nípa rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ìjà tí a ti ń retí fún oṣù mẹ́ta fi ń fọ́ nígbà tó bá ku ọjọ́ kan?

Ìdáhùn: Òǹwọ̀n ló sábà máa ń fọ́ ọ. Ẹ gbé ẹni tó ń jà ní ìpín 170 paun wò, ìyẹn kílò 77.1. Lọ́jọ́ lásán, ó lè wọ̀n tó kílò 86. Oúnjẹ tó dín kù á gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ṣùgbọ́n kílò mẹ́rin sí mẹ́fà tó kẹ́yìn, omi ara ni wọ́n ń fún jáde nínú ọjọ́ kan sí méjì, nínú omi gbígbóná tàbí yàrá ooru. Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìjà ni wọ́n ń wọ̀n. Bí kì í bá ṣe ìjà bẹ́líìtì, wọ́n á fún un láyè paun 1 lé. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ á pàdánù 20 tàbí 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sọ́wọ́ alátakò, ìyẹn bí alátakò bá gbà láti jà.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: ara tó ti pàdánù omi jù kì í làágùn mọ́, òǹwọ̀n á sì dúró sójú kan nígbà tó bá ku kílò kan. Oníjà á wá túbọ̀ jókòó sínú ooru. Ibẹ̀ ni kíndìnrín ti ń jà fún ẹ̀mí, tí ọkàn ń lù gìdìgìdì, tí òòyì ń kọ́ni, tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi ń dé. Bó bá tilẹ̀ yege lórí òǹwọ̀n, wákàtí 24 sí 36 tó kù ò sábà tó láti dá gbogbo omi náà padà, ẹ̀ṣẹ́ sì máa ń wọ orí tó gbẹ ju èyí tó tutù lọ. Oníjà kan tó fẹ́ jà ní ONE Championship, àjọ ìjà kan ní Éṣíà, kú níbi àdínkù ìwúwo yìí ní Oṣù Kejìlá 2015. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àjọ náà fòfin de fífún omi jáde, wọ́n sì ń yẹ ìtọ̀ wò: bí kíki rẹ̀ bá ju 1.025 lọ, ẹni náà ò yege, iye yòówù kí òǹwọ̀n sọ. Òfin tó dáa jù tí eré yìí ti ṣe nìyẹn lójú tiwa, UFC ò sì tíì gbà á.

Ní ti òkìkí, ẹ wo Khabib àti Tony Ferguson. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n kéde ìjà wọn láàárín 2015 sí 2020, kò wáyé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìfarapa wà níbẹ̀, ìwúwo wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀karùn-ún sì bọ́ sí àkókò àjàkálẹ̀ àrùn. Àlejò tó bá sanwó ọkọ̀ òfuurufú lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sọ fún un pé kò sí ìjà mọ́, a ò mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́ padà wá.

Ìbéèrè: Ṣé ibì kan wà tí òkìkí MMA ti lọ sílẹ̀ ní tòótọ́, tí kì í ṣe àròyé lásán?

Ìdáhùn: Japan. Pride, àjọ MMA wọn níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní Tokyo Dome ní Oṣù Kẹwàá 1997. Ní Oṣù Kẹjọ 2002, òun àti K-1, àjọ ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá, kó èrò tó lé ní 70,000 sí pápá ìṣeré ńlá kan ní Tokyo, àwọn olùṣètò tilẹ̀ sọ pé 91,107 ni. Ní alẹ́ tó kẹ́yìn 2003, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gbé ètò ìjà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Oṣù Kẹfà 2006, Fuji TV já Pride sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ó bá ẹgbẹ́ ọ̀daràn yakuza rìn. Kò tó ọdún kan tí àwọn Fertitta fi rà á, nígbà tó sì di Oṣù Kẹwàá 2007, ọ́fíìsì rẹ̀ ti tì. Àjọ RIZIN tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2015 dá díẹ̀ padà, kò dá ọjọ́ yẹn padà. Owó tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ilé náà ró. Ẹ wá ka ìdáhùn wa lórí Paramount lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìbéèrè: Ta ni McGregor tuntun?

Ìdáhùn: Kò tíì sí, kì í sì í ṣe torí pé àwọn oníjà ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n jà. Bí a bá fi ọgbọ́n ìjà nìkan wò ó, Ilia Topuria pé ju McGregor lọ: ó fi ẹ̀ṣẹ́ dá Alexander Volkanovski, Max Holloway àti Charles Oliveira dùbúlẹ̀ láàárín Oṣù Kejì 2024 sí Oṣù Kẹfà 2025. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin ló ń sọ oníjà di ẹni tí ìyá àgbà mọ̀. Kó máa fi ìjà parí ọ̀rọ̀, kì í ṣe ìdájọ́ àwọn adájọ́. Kó lè sọ̀rọ̀ ní èdè tí àwọn tó ń sanwó gbọ́. Kó ní ọ̀tá tó yẹ ẹ́. Kó sì máa jà léra léra: McGregor jà ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú 2016, nínú oṣù mẹ́sàn-án péré. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló sọnù jù lónìí.

Owó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Láti Oṣù Kẹta 2021, Adesanya, Kamaru Usman àti Francis Ngannou, ọmọ Áfíríkà mẹ́ta, jọ wọ bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀kan náà fún ju ọdún kan lọ. Ìtàn tí à bá máa tà títí ni. Ní Oṣù Kìíní 2023, Ngannou bá tirẹ̀ lọ nígbà tí àdéhùn ò bá a lára mu, ó sì rí owó tó pọ̀ jù nínú ìgbésí ayé rẹ̀ lórí ìjà ẹ̀ṣẹ́ méjì, pẹ̀lú Tyson Fury àti Anthony Joshua.

Ìbéèrè: Ṣé ìjà ẹ̀ṣẹ́ aláìníbọ̀wọ́ àti ìgbátí kọ́ ló ń kó èrò MMA lọ?

Ìdáhùn: Rárá. Fídíò ìgbátí ń rin ìrìn àjò lórí fóònù, àmọ́ ẹni tó wo ìṣẹ́jú àáyá 20 kì í ṣe ẹni tó máa jókòó fún wákàtí mẹ́fà.

Ìbéèrè: Ọmọ mi pé ọdún 12, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ MMA. Mi ò fẹ́ náwó sórí ohun tó ti ń tán lọ. Kí ni kí n rà, kí ni kí n sì ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn: Òkìkí UFC ò kan ọmọ yín. Ohun tí ilé ìdárayá ń kọ́ wọn gan-an ni jiu-jitsu (ìjà orí ilẹ̀ àti ìfúnlọ́rùn), ìjàkadì, ẹ̀ṣẹ́ àti muay Thai (ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá ti Thailand), olúkúlùkù sì ní ìdíje tirẹ̀ tó ti wà ṣáájú UFC. Ẹ jẹ́ kó fi ọdún kan tàbí méjì kọ́ ìjàkadì tàbí jiu-jitsu ṣáájú, torí níbẹ̀ ló ti máa mọ bí a ṣe ń ṣubú láìfarapa àti bí a ṣe ń juwọ́ sílẹ̀ nígbà tó yẹ. Kó fọwọ́ lu ara alátakò tàbí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Bí kóòṣì bá ń fi ọmọ tó juwọ́ sílẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ mú ọmọ yín kúrò lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń gbá ọmọdé lórí. Ilé tó bá jẹ́ kí ọmọ ọdún 12 máa gba ẹ̀ṣẹ́ sórí, ẹ má bá wọn jíròrò lórí iye. Bí orí bá fọ́ ọ, tó ń bì, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tó ń béèrè ohun kan náà léra léra lẹ́yìn tó ṣubú, kò gbọdọ̀ padà sórí ẹní lọ́jọ́ náà, dókítà ló sì máa sọ ìgbà tó máa padà.

Ní ti rírà, ẹ má ra ìbọ̀wọ́ kékeré olówùúnsì 4 tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ti ìdíje ni, gíráàmù 113 péré ni, kò dáàbò bo ẹni tí wọ́n ń lù. Àgbàlagbà ń lo owùúnsì 16 fún ìjà ìdánrawò, ọmọ ọdún 12 tí kò sanra lè lo 8 sí 10. Aṣọ ìdìwọ́ mítà 4.5 ti gùn jù fún un, nǹkan bíi mítà 2.7 sí 3 ló máa bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Bí a bá di èyí tó gùn jù, á pọ̀ nínú ìbọ̀wọ́, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní rìn dáadáa dé ìka. Ẹní tí wọ́n ń jà lé kò yẹ kó tinrín ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ níbi tí wọ́n bá ti ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀, kó má sì ní àlàfo níbi tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ lè kó sí.

Kó gé èékánná, kó wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn ìdánrawò kó tó jókòó sórí àga yín, kí aṣọ ìdárayá má sì sùn nínú báàgì. Làpálàpá náà máa ń lé ọmọdé kúrò lórí ẹní. Bí ẹ bá rí òrùka pupa tó ń yún un, kó dúró sílé títí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì á fi sọ pé kò lè ran ẹlòmíràn mọ́.

Ìdáàbòbò eyín tí a ń fi omi gbígbóná ṣe ló rọrùn jù láti bàjẹ́. Ẹ sọ omi kalẹ̀ lórí iná nígbà tó bá ti hó, ẹ fi rọ́bà náà sí i fún ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n kọ sára páálí, èyí tó sábà jẹ́ 30 sí 60. Ẹ tì í bọ inú omi tútù fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ fi sí i lẹ́nu, kó bu ú mọ́lẹ̀, kó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín láti ìta, kó sì máa fà á sínú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Bó bá pẹ́ nínú omi gbígbóná jù, á wó pọ̀, kò sí àtúnṣe, ẹ ra òmíràn. Bí kò bá pẹ́ tó, kò ní gba àwòrán eyín, á sì máa já bọ́ nígbàkígbà tó bá lanu. Eyín ọmọ ọdún 12 ṣì ń yí padà, nítorí náà ẹ máa wò ó lóṣù mẹ́ta mẹ́ta bóyá ó ṣì mú eyín náà dáadáa.